Ìjókòó tí Ersilia Rán fún Learco

Òjò ń rọ̀ ní Modena, nílẹ̀ Ítálì, lọ́jọ́ tí Ersilia kọ́kọ́ fojú kan Learco, mọ́tò tí ọmọkùnrin náà sì ń wà bọ̀ kò ní bọ́dì. Ẹ́ńjìnnì wà níwájú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, irin tó so wọ́n pọ̀ wà láàárín, ó tán. Orí àpótí ọtí tí wọ́n fi okùn dè mọ́ irin ló jókòó lé. Ẹrẹ̀ ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun.

Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé mọ́tò ìdíje wá fún bàbá Ersilia nìyẹn. Ọ̀gá Amos ló ń fi òòlù lu páànù di bọ́dì, Ersilia sì ń rán ìjókòó aláwọ sínú rẹ̀. Àmọ́ kò tíì sí ẹni tó wa ìhòòhò mọ́tò wọlé nínú òjò tẹ̀ríntẹ̀rín báyìí rí.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé olè ló jí ìyókù mọ́tò yín lọ ni?" Ersilia béèrè.

"Wọ́n ní ọwọ́ yín ló wà. Mo wá gbà á."

Ersilia bú sẹ́rìn-ín.

"Ta lò ń bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn?" Amos pariwo. Òòlù ti di bàbá náà létí, ariwo ló fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

"Òjò ni, Bàbá!"

Mẹkáníìkì ni Learco, òun ló ń dán mọ́tò wò fún àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Láti ọjọ́ náà ló ti di onígbàgbé. Lónìí á ní sípánà òun ṣẹ́kù síbí, lọ́la á ní ibọ̀wọ́ ni. Ersilia á bu ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n dín nínú epo fún un, wọ́n á jọ máa jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ibọ̀wọ́ á sì tún ṣẹ́kù. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìdíje ló ba nǹkan jẹ́. Ọkàn Learco ò sí níbòmíràn.

"Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò ní purọ́," Ersilia wí fún un. "Ṣùgbọ́n mo ti rán ìjókòó fún àwọn tí wọn ò padà wálé láàyè. Mi ò ní fẹ́ ọkọ tí màá máa dúró dè lójú fèrèsé."

"Ìfẹ́ mi, tí mi ò bá wà á, màá dàgbà di onírunú lọ́dọ̀ rẹ. Ṣé ìyẹn lo fẹ́?"

Amos ní tirẹ̀ ti sọ ọ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ pé ọmọ òun ò ní fẹ́ awakọ̀ ìdíje.

Àṣé mọ́tò tí Learco wà wá nínú òjò yẹn ló máa fa wàhálà. Gherardi, oníṣòwò aṣọ kan láti Prato, ló ni ín. Ó fẹ́ fi sáré ìdíje ẹgbẹ̀rún máìlì, láti Brescia dé Róòmù, kó sì padà, kí Learco jókòó tì í, kó máa ka ìwé ọ̀nà fún un. Ìjókòó ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀ mu, kó má baà máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ní kọ́nà. Ersilia fi téèpù wọn Gherardi, ìbàdí, ẹ̀yìn àti èjìká, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Nígbà tó ń gé awọ, kò wo ògiri. Ó rò pé òun wò ó.

Ọjọ́ tí Gherardi wá dán an wò, ìdí rẹ̀ há. Amos àti Learco ló fà á jáde.

"Ersilia! Ara ta lo wọ̀n?"

Amos wo ìjókòó náà, ó wo Learco.

"Ìwọ, bọ́ síbẹ̀!"

Learco wọlé. Ìjókòó náà gbà á bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń gba ẹsẹ̀. Àṣírí tú.

"Ìgbà wo lo wọ̀n ọ́n?"

"Bàbá, mi ò fi téèpù kàn án rí."

"Láìlo téèpù!" Ìyẹn tiẹ̀ wá burú jù.

"Ọ̀gá, mo búra, mi ò ṣe ju kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ."

"Ta ló bi ọ́?"

Gherardi ló ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Amos, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ti ń tan àbẹ́là níwájú Màríà Mímọ́ kí n má lè wọ mọ́tò yìí. Àdúrà ti gbà. Ẹ má tún un rán. Kí ọmọ yìí wà á, ká wá ẹni tó máa ka ọ̀nà fún un."

Ayọ̀ yọ lójú Learco. Ó wo Ersilia, ó sì jáde nínú mọ́tò náà.

"Rárá, ẹ ṣeun. Ẹ wá ẹlòmíràn."

Ersilia ti rí ohun tó ń tọrọ gbà, kò sì dùn mọ́ ọn rárá. Ó dùn ún wọnú egungun.

"Ìdúró ló ń bà mí lẹ́rù," ó wí. "Bí mo bá wà nínú mọ́tò, ta ni màá máa dúró dè? Èmi ni màá ka ọ̀nà fún un."

"Kí ni o wí? Láti Brescia dé Róòmù àti àbọ̀, ìwọ àti ẹni tí kì í ṣe ọkọ rẹ? Lójú gbogbo Ítálì? Kò jẹ́ ṣẹlẹ̀!" Amos pariwo.

"Ẹ jẹ́ kó di ọkọ mi nígbà náà."

Amos bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó náà, ó fi ọwọ́ ra awọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ìyá rẹ náà ò wọ̀n mí," ó wí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láìpariwo, "nígbà tó rán ẹ̀wù tí mo fi gbé e níyàwó. Ó bá mi mu." Ó fi apá nu ojú. "Àlùfáà kì í so ènìyàn pọ̀ nínú Lẹ́ńtì. Ẹ ó dúró di lẹ́yìn Àjíǹde."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é. Ìgbéyàwó kò tíì tutù tí ìdíje fi dé. Àárọ̀ ọjọ́ náà ní Brescia, èrò pọ̀ bí omi, ohùn Amos sì borí gbogbo wọn.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?" Learco béèrè.

"Gan-an ni. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà."

Àsíá balẹ̀. Ersilia wo ìwé ọ̀nà lórí itan rẹ̀.

"Òsì, ọkọ mi," ó wí. Learco sì yà sí òsì.