Orúkọ Tí Kìfáyàtù Yọ Kúrò Nínú Orin

"Gbé ohùn sókè, ìwọ ọmọ Sàídù! Àbí wàrà ràkúnmí ló dí ọ lọ́fun?"

Àlàájà Múríkàtù ló ń fi Kìfáyàtù ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní àdúgbò Karantina, ní ìlú Jídà lẹ́bàá Mẹ́kà. Láàárín àwa Yorùbá àdúgbò náà, kò sẹ́ni tó mọ wákà kọ tó Àlàájà. Kìfáyàtù kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú, kò sì rí ilé-ìwé gidi lọ. Orí fóònù ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ orin kan ní Estóníà, lọ́nà jíjìn níbi tí yìnyín ń bọ́. Ó mọ ìtàn ibẹ̀ bí ẹní mọ Fátíhà: bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀ tíṣà kan, bí àwọn tó ń dá orin sílẹ̀ níbẹ̀ ṣe ń gba orin lẹ́nu àwọn ìyá àgbà abúlé, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin rẹ̀.

"Àwọn yẹn mọyì àgbà," ni Àlàájà wí.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ di akẹ́kọ̀ọ́ wọn gidi lọ́fẹ̀ẹ́ fi orin tó dá fúnra rẹ̀ ránṣẹ́. Kìfáyàtù gbìyànjú títí, tirẹ̀ kò dùn. Awatif ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Yalla, ó yá, kọ ti Àlàájà jàre. Ta ló máa mọ̀ ní Estóníà?"

Orin kan wà tí Àlàájà máa ń kọ: Sàkáríyà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló dá a fún. Mínà ló kú sí nígbà Hájì, níbi tó ti ń gbẹ́rù fáwọn Àlàájì. Wọ́n sin ín sí Mẹ́kà, láìsí àmì lórí sàréè, bí ìṣe ibẹ̀. Inú orin náà nìkan lorúkọ rẹ̀ kù sí. Orin yìí ni Kìfáyàtù mú: ó yọ "Sàkáríyà," ó fi "ọ̀rẹ́ mi" dípò rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ bíi tirẹ̀.

Wọ́n gbà á. Inú Sàídù bàbá rẹ̀ dùn, ó ń gbé fóònù kiri kí gbogbo ayé lè gbọ́ orin tí ọmọ òun dá. Ó gbé e dé etí Àlàájà.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán. "Kìfáyàtù, níbo lo gbé ọmọ mi sí?"

"Àlàájà, ẹ dákun, mo kàn..."

"Mo ní níbo lo gbé e sí?"

Ìtìjú mú ọmọ náà, ó kọ òtítọ́ ránṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ dúpẹ́ pé ó jẹ́wọ́, wọ́n sì gba àyè náà padà. Ó wá kúnlẹ̀, ó bẹ Àlàájà pé kó tún orin náà kọ, kóun lè gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Sàkáríyà.

"Mo ti gbọ́ ọ láìsí ọmọ mi nínú ẹ̀," ni Àlàájà wí. "Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wá."

Kò kọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Mo ti kúrò ní Jídà tipẹ́, àárò ohùn yẹn ṣì ń sọ mí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá jí ohun ẹlòmíràn lò, ó lè pàdánù tirẹ̀, kó sì ba ti olóhun jẹ́. Ẹ máa tọrọ. Àlàájà sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà pé: "Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá bá a dá tuntun."