Àwọ̀ Wo Ni Omi Náà?

"Ojú mi, àwọ̀ wo ni omi náà?"

Bí bàbá àgbà ṣe máa ń pe Wanqiu, ọmọ ọmọ rẹ̀, nìyẹn láti ìgbà tí ojú tirẹ̀ ti fọ́. Ogójì ọdún ni bàbá náà ti ń ta egbòogi ní ọjà Bozhou. Àpò tí ó bá lu òǹtẹ̀ lé lórí, kò sí oníbàárà tí í tú u wò mọ́.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ṣòro. Yóò bu honghua, òdòdó tí wọ́n fi ń wo ara ríro, sínú ife funfun, yóò da omi sí i. Òdòdó náà pupa lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kì í pupa. Àwọ̀ ìyeyè ni í mú wá. Bí omi bá pupa, a jẹ́ pé wọ́n ti fi aró olóró kun òdòdó tó ti ṣá.

Wanqiu wo inú ife. Omi náà pupa bí ẹ̀jẹ̀.

Peilan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, dúró ti bàbá rẹ̀ tó gbé àpò òdòdó náà wá. Lánàá ní ilé ìwé ló ti bẹ Wanqiu tẹkúntẹkún: "Òjò ló ba òdòdó wa jẹ́. Bí bàbá mi ò bá rí i tà, wọ́n ní mi ò ní ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì mọ́, ilé iṣẹ́ bàtà ni mo ń lọ. Jọ̀ọ́, ẹnu ẹ lásán ni mo fẹ́ yá."

"Àbí o ti sùn ni?" bàbá àgbà béèrè. "Mo ní àwọ̀ wo ni?"

Wanqiu wo Peilan lójú. "Ìyeyè ni, Bàbá àgbà."

"O ṣeun, ojú mi." Ó lu òǹtẹ̀ lé àpò náà.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò pé oṣù kan tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba fi dé. Wọ́n ti rí aró nínú òdòdó tí ìyá ìkókó kan rà. Ìyá ọ̀hún wà ní ọsibítù, ojú rẹ̀ pọ́n bí i ti ẹni tí ibà pọ́njú mú, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò là á já. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n sì gba òǹtẹ̀.

"Áà, bàbá olóòótọ́!" aládùúgbò kan fi bàbá àgbà ṣẹ̀sín. "Àṣé aláró ni yín!"

Wanqiu kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni mo purọ́! Pupa ni omi náà!"

Bàbá àgbà na ọwọ́ sí i. "Òǹtẹ̀ ta ló wà lórí àpò? Tèmi ni. Dìde."

Peilan pàápàá kò ṣe ìdánwò náà. Bàbá rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé, òun sì ti lọ sí ilé iṣẹ́ bàtà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá àgbà fẹ́ fi honghua ra orúnkún tó ń ro ó. Ó bu díẹ̀ sínú ife funfun, ó da omi sí i. Wanqiu sáré sún mọ́ ọn.

"Ìyeyè ni, Bàbá àgbà. Mo fi Ọlọ́run ọ̀run búra, ìyeyè ni!"

Bàbá náà kò bínú. Ó kàn rọra gbé ife náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Wanqiu," ló wí, "lọ bá mi pe ìyá ilé kejì kí wọ́n wá bá mi wò ó."

Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní "ojú mi" mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ tí a fi ṣàánú ọ̀rẹ́, irọ́ náà ni. Bí ẹnì kan bá fi ojú rẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi yá ẹlòmíràn.