Òórùn Ọṣẹ Lára Ìbòmú

"Dúró síbẹ̀! Má sún mọ́ mi o!"

Báyìí ni ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe máa ń kí ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ̀lú. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Á ri aṣọ iṣẹ́ bọ inú omi ọṣẹ, á fọ bàtà, á wẹ̀, kó tó jẹ́ kí ọmọ kí òun káàbọ̀. Àwọn méjèèjì péré ló kù nínú ilé náà látìgbà tí bàbá ti kú. Dígí ni ìyá ń pe ọmọ yìí, torí kò sí dígí tó máa rí tí kò ní fi wo ojú ara rẹ̀. Gíláàsì ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ìyá na àpò bébà kan sókè. "Dígí, ṣé o rí èyí? Ìbòmú tuntun ni. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún wa, kò sì sí òmíràn mọ́ ní wọ́ọ̀dù. Bí mo bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á jí i. Orí ìṣó yìí ni mò ń gbé e kọ́ sí títí mo fi máa padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́túnla. Má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀mí mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni gbígbọ́, ọ̀tọ̀ ni ìgbọràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, oorun àárẹ̀ gbé ìyá lọ. Ọ̀rẹ́ Dígí kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Fáàrí wá kan fèrèsé jẹ́jẹ́.

"Àwọn ẹgbẹ́ wa ti pé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, a fẹ́ ya àwòrán ìdágbére ká tó túká. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ìwọ lo wá máa jókòó sílé?"

"Okùn ìbòmú aláṣọ mi ti já."

"Ìwọ ọmọ nọ́ọ̀sì! Wọ ti ilé ìwòsàn, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹni ńlá ni ẹ́!"

Dígí wo ìṣó. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kìlọ̀ fún un, ó kọtí ikún sí i, ó wọ ìbòmú ìyá rẹ̀, ó sì bá Fáàrí lọ.

Wọ́n ya àwòrán títí ó fi sú wọn. Nígbà tó délé tó bọ́ ìbòmú náà, ó rí i pé àtíkè àti ìtọ́tè ti yí inú rẹ̀ pátápátá. Kí lọmọ yìí wá ṣe? Ó gbé ọṣẹ olóòórùn dídùn tó fi ń wẹ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sá a sóòrùn, ó dá a padà sínú àpò. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Kò mọ̀ pé omi àti ọṣẹ ti pa agbára tí irú ìbòmú bẹ́ẹ̀ fi ń dá kòkòrò àrùn dúró. Aṣọ lásán ló kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ìyá mú àpò náà lórí ìṣó. Ọ̀rọ̀ dé ètè Dígí.

"Mọ́mì..."

"Kí ló dé?"

Ó ro bí ìyá rẹ̀ ṣe máa pariwo mọ́ ọn. "Kò sí o. Ẹ rọra máa lọ."

"Ọlọ́run á ṣọ́ wa, Dígí mi."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò pẹ́ tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Wọ́ọ̀dù tó ti ń tọ́jú àwọn ẹlòmíràn náà ni wọ́n gbé òun alára lọ. Dígí ń dúró lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, ó ń juwọ́ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyá ń juwọ́ padà. Nígbà tó yá, ìka kan ló ń gbé. Lọ́jọ́ tí Dígí débẹ̀ tó rí i pé wọ́n ti ta aṣọ bo fèrèsé, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó ń ké.

Àǹtí Pupa, nọ́ọ̀sì tí òun àti ìyá jọ ń ṣiṣẹ́, ló kó bàtà àti aago olóògbé wá sílé.

"Ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ o," ló wí. "Lọ́jọ́ tí a rò pé ó kó àrùn yẹn, bàbá arúgbó kan ni kò lè mí mọ́, a wá sáré wọ ìbòmú wọlé tọ̀ ọ́. A ń ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ́wọ́ ni ìyá rẹ ní òun ń gbóòórùn ọṣẹ tí ọmọ òun fi ń wẹ̀ nínú ìbòmú òun. Mo ní kó sá jáde. Ó ní bí òun bá jáde, bàbá náà á kú. Bàbá yẹn ti lọ sílé lónìí. Nígbà tá a ṣe tán, ẹ̀rín ni ìyá rẹ ń rín. Ó ní, 'Dígí ló fọ̀ ọ́. Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí.'"

Dígí ṣubú lulẹ̀. "Yéè! Àǹtí, mi ò ràn wọ́n lọ́wọ́ o! Àwòrán ni mo wọ̀ ọ́ lọ yà! Mo fẹ́ sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ló bà mí!"

Àǹtí Pupa fà á dìde nílẹ̀. "Mi ò lè búra pé ibẹ̀ ni àrùn gbà wọlé," ó sọ. "Àmọ́ ká ní ó mọ̀ kó tó kúrò nílé ni, ì bá yá ti ẹni tó wà ní ìsinmi lò."

Títí di òní, kò sẹ́ni tó bá Dígí wí. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ wọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù, pé oore tí òun ò ṣe ni ìyá òun ń dúpẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọmọ, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn, ẹ fi sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì ti kàn án, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹni tó lè tún un ṣe tó jáde nílé.