Ìwé Ìbúra Tí Rẹ̀mílẹ́kún Tẹ̀

Ọjọ́ tí Níyì kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí Rẹ̀mílẹ́kún ti ń tẹ̀wé níwájú kóòtù Ìkàrẹ́, àṣìtẹ̀ mẹ́ta ló rí nínú ìwé tí ọmọbìnrin náà tẹ̀ fún un. Ó fi bírò yí wọn po.

"Ṣé lọ́yà ni yín ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ku díẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì ní Àkùngbá ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ń rẹ́rìn-ín báyìí, màá máa gbé ìwé wá lójoojúmọ́."

Ó sì ń gbé e wá lóòótọ́. Kí ọdún tó yí po, ẹbí Níyì ti gòkè lọ sí Ọ̀kà, ìlú àwọn òbí Rẹ̀mílẹ́kún, wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Tíṣà Nathaniel, bàbá Rẹ̀mílẹ́kún tó ti fẹ̀yìn tì, gba Níyì tọwọ́-tẹsẹ̀.

"Èmi kì í pe ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ní àna," bàbá wí. "Ọmọ ni mò ń pè é."

Kò pẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ kan nílùú òyìnbó gba Níyì láti wá kọ́ iṣẹ́ lọ́yà tiwọn. Gbogbo ilé yọ̀, àfi pé ọ̀rọ̀ fíìsà wà nílẹ̀. Owó gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko, lórúkọ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, tàbí ti òbí, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Bàbá Níyì ti kú, ìyá rẹ̀ kò sì lówó. Tíṣà ní owó ìfẹ̀yìntì tó ti pẹ́ ní báǹkì, àkókò kò sì sí mọ́ láti gbé e sí àkáǹtì Níyì, ṣùgbọ́n òyìnbó kò ka bàbá àfẹ́sọ́nà ẹni sí òbí.

"Ẹ jẹ́ ká búra ní kóòtù," Níyì wí, "pé Bàbá ló gbà mí tọ́ láti kékeré, pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni èmi àti Rẹ̀mí."

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà tó ń ṣà. "Ẹ fẹ́ sọ ọkọ ọmọ di ẹ̀gbọ́n ọmọ? A kì í fi ìbúra ṣeré o."

"Ìwé lásán ni, Mọ́mì," Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Òun náà ló tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó mọ agbára ìwé kóòtù ju ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò! Ìfẹ́ ti bò ó lójú. Kò sí àṣìtẹ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Fíìsà jáde. Ní gáréèjì Ìkàrẹ́, Níyì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àyànfẹ́ mi, wọn ò gbà kí ẹni tó ń ka irú kọ́ọ̀sì yìí mú ìyàwó dání. Ọdún kan péré ni. Màá padà wá fẹ́ ọ ní Ọ̀kà."

Oṣù mẹ́fà ló fi ń pè lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Rẹ̀mílẹ́kún ń gbèjà rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ pé ìwé lọ́yà le, kò ráyè ni.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè kan, fóònù ké nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàsán mà. Precious lorúkọ mi, mò ń pè láti ìlú òyìnbó. Mo rí àwòrán yín lórí fóònù Níyì, ẹ jọ rọ̀ mọ́ra, mo bá a jà. Ó ní àbúrò òun ni yín. Mi ò gbà á gbọ́, àfìgbà tó mú ìwé kóòtù jáde. Ìgbéyàwó wa ku oṣù kan, mà. Ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Rẹ̀mílẹ́kún wọra. Ìwé tí òun fi ọwọ́ ara òun tẹ̀ ni Níyì fi gba ìyàwó mìíràn!

Ó wo kóòtù lódìkejì ọ̀nà. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti gbé Bíbélì sókè, tó sì búra nítorí òun. Bí òun bá sọ òótọ́, Bàbá ni yóò di ẹni tó búra èké.

"Mà? Ṣé àbúrò rẹ̀ ni yín lóòótọ́?"

Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí kọ̀ǹpútà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó kú ìnáwó."