Asà Tí Dosi Gbé

Ìjà ni Dosi bá Bólúwají jà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ìjà orí tábìlì ni, nínú kíláàsì kan ní Otto tí ẹnikẹ́ni kì í lò lọ́sàn-án Sátidé.

Bólúwají, olùkọ́ ìṣirò tó wá láti Èkìtì, ló ń darí eré níbẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á yan jagunjagun tirẹ̀, á máa fẹnu sọ ohun tí jagunjagun náà ń ṣe, dáìsì olójú ogún á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Dosi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Ọmọ Ègùn láti Iworo ni, ó háyà yàrá kan sí Otto, ọ̀sẹ̀ kan sì lè lọ kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ kì í ṣa eré ṣe, ó bá wọn jókòó.

Ó yan obìnrin tó gbé asà. Agbára kan lára obìnrin náà ló wù ú, wọ́n ń pè é ní Gbà-fún-un: bí ọ̀tá bá fẹ́ ṣe ẹni tó dúró tì ọ́ léṣe, o lè bọ́ síwájú kí o gba ọgbẹ́ náà fún un. Kò sí pé à ń ju dáìsì. Kí o ṣáà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀tá ta ọfà sí jagunjagun Olúdọ̀tun, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré. Dosi ní òun gbà á. Bólúwají mi orí.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Asà wúwo, ọfà yára. Kí o tó gbẹ́sẹ̀, ọfà ti dé. Ju dáìsì ná."

"Òfin eré kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n eré tí kò jọ ayé, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ayé wà níta níbẹ̀ yẹn, tíṣà. Òun la sá fún tí a fi wá síbí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ti tíṣà ló pẹ́ jù. Síbẹ̀ kò gbà. Dosi ju dáìsì, dáìsì kò gbè é, jagunjagun Olúdọ̀tun kú. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, Bólúwají sin Dosi dé títì, wọ́n ṣì ń jiyàn. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń jiyàn.

"Asà mi" ni Bólúwají ń pè é. Dosi tí ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ rẹ̀ wá di olórúkọ méjì. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò fi bò. Ìbẹ̀rù kan ló kù lọ́kàn rẹ̀: ṣé Bólúwají á lè dúró níwájú àwọn ará ilé rẹ̀, kó ní Dosi lòun fẹ́?

Ìyá Bólúwají, Màmá Oyèrónkẹ́, wá láti Èkìtì. Dosi se ọbẹ̀ ẹja, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó ti Bólúwají. Màmá tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n ní ó dùn, wọ́n béèrè ìlú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ Iworo, wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀. Wọn kò bá Dosi wí, ọmọ wọn ni wọ́n kọjú sí.

"Bólúwají, àwọn obìnrin Èkìtì ti tán ni? Ṣé Ègùn, tí n ò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, ni yóò máa tọ́ ọmọ-ọmọ mi?"

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Obì ni Dosi ń retí lọ́jọ́ náà. Ó dúró kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lanu. Bólúwají ń ṣa egungun ẹja, kò gbójú sókè. Dosi palẹ̀ abọ́ mọ́, ó kúnlẹ̀ dágbére, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Bólúwají wá bẹ̀ ẹ́.

"Olólùfẹ́ mi, o ò mọ ìyá mi. Ohun yòówù tí mo bá sọ, wọn kò ní gbà. Bí ayé ṣe rí nìyẹn."

"Ṣé mo ní kí o borí wọn ni? Èmi náà ju dáìsì, kò gbè mí, Olúdọ̀tun kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo tábìlì ló rí i pé mo bọ́ síwájú."

Bólúwají ní kí àwọn fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ná, bóyá ọkàn ìyá òun á rọ̀ tó bá yá. Dosi ní òun kì í ṣe ohun ìpamọ́. Ó ní kó wá sí Iworo lọ́jọ́ Àìkú, kó wá wọ ilé ìyá òun ní ọ̀sán gangan.

Ó wá lóòótọ́. Dosi pàdé rẹ̀ létí ọ̀sà, inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò kúrò lójú kan.

"Bí mo bá wọlé, wọ́n á ní mo ti wá tọrọ rẹ nìyẹn. Màmá mi á gbọ́. Jẹ́ ká kàn jókòó síbí díẹ̀."

Dosi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wù ú kó jókòó. Síbẹ̀ ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Máa lọ, olólùfẹ́ mi," ló wí. "Kí ọkọ̀ má lọọ fi ọ́ sílẹ̀."

Nílé, ìyá rẹ̀ ti bu oúnjẹ sí abọ́ mẹ́ta, ó ti tẹ́ aṣọ sórí àga àlejò. Ó wo ẹ̀yìn Dosi, kò rí ẹnì kankan. Ó fi Ègùn béèrè bóyá àlejò náà kò wá mọ́ ni.

"Ó wá, Màmá."

"Ṣé ènìyàn burúkú ni?"

"Rárá. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni," ni Dosi wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ da abọ́ kẹta padà sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n jẹun.