Ọjọ́ Méje Ológbò Nílé Kàsímù

Ológbò ni Kàsímù kọ́kọ́ rí. Ó nà gbalaja sí èjìká ọmọge kan tó gbé ẹja yíyan kọjá létí òkun Ẹlẹ́kọ. Ọdún tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Kàsímù, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ju òòlù sílẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ológbò, àbí òun ló ń dà yín lọ sọ́jà?"

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló dà ẹ́ síbí?"

Sìlífátù, ọmọge náà, bú sẹ́rìn-ín. Ó tán fún Kàsímù nìyẹn!

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lọ tọrọ Sìlífátù fún aya lọ́wọ́ Bàbá Odùkọ̀yà, baba ọmọge náà, apẹja tí kì í rẹ́rìn-ín. Bàbá nàka sí ológbò.

"Ìyá ọmọ yìí tó dolóògbé ló ni í. Gbé e lọ sílé rẹ ní Awóyáyà. Tó bá ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ keje, màá mọ̀ pé ilé rẹ ṣeé gbé. Tó bá sá, má padà síbí mọ́."

Kàsímù ki ológbò sápò. Ó gbé àpò náà yípo lẹ́ẹ̀méje kí ológbò má baà mọ̀nà padà. Òòyì kọ́ òun fúnra rẹ̀, ó forí sọ igi àgbọn!

Nílé, ológbò kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò jẹ, kò mu. Bí òòlù bá ti dún gbà báyìí, á figbe ta. Kàsímù pa iṣẹ́ tì.

"Kàsímù, ọkọ̀ mi dà?" oníbàárà kan pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀, àlejò ń bẹ nílé."

Lọ́jọ́ karùn-ún, ológbò jẹ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Kàsímù fẹ́rẹ̀ẹ́ jó! Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ológbò jókòó sídìí fèrèsé tó wà ní títì, ó ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Kàsímù dìde. Ó ṣí fèrèsé. Fìrì! Ológbò ti lọ.

Ọjọ́ keje, Bàbá àti Sìlífátù dé.

"Ó dà?"

"Ó ti jáde láti àná, Bàbá. Èmi ni mo ṣí fèrèsé fún un."

Sìlífátù káwọ́ lérí. "Kàsímù! Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ó ń sunkún. Mi ò lè ti ohun tó ń sunkún mọ́lé kí n máa pè é ní tèmi."

Bàbá dìde. "Sìlífátù, ó yá."

Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí nǹkan já wọlé láti ojú fèrèsé, gbì! Ológbò ni, ó gbé eku ńlá kan sẹ́nu. Ó kọjá lẹ́sẹ̀ Bàbá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó gbé eku náà kalẹ̀ síwájú Kàsímù.

Bàbá ranjú.

"Ìyá Sìlífátù nìkan ló máa ń gbé eku wá fún. Ológbò aláìmoore! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fún ọ lẹ́ja, o ò gbé ìrù eku fún mi rí!" Ó padà jókòó. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Kàsímù, ṣé wàá ṣílẹ̀kùn báyìí náà fún ọmọ mi, tó bá fẹ́ wá kí mi?"

"Nígbàkígbà, Bàbá."

"Kí àwọn ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Sìlífátù nu ojú rẹ̀, ó wo eku, ó wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

"Olólùfẹ́, èmi ò ní máa gbé eku wálé o."

"Ìwọ ṣáà ti máa padà wálé," Kàsímù dáhùn.