Àwọn Àlejò Tó Wá Gbóòórùn Balùwẹ̀ Ìyá Télọ̀

Ọṣẹ ti bo Ìyá Télọ̀ lójú nígbà tó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, inú yàrá yìí ni Màmá Olóòórùn, ẹni àkọ́kọ́ tó po lọ́fínńdà nílùú yìí, kú sí. Ó ń po ó lọ́wọ́ ni ẹ̀mí bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fa imú yín dáadáa. Òórùn rẹ̀ ṣì wà lára ògiri."

Ìyá Télọ̀ gbọ́ bí ọ̀pọ̀ imú ṣe fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó da omi sójú, ó so aṣọ ìnura máyà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn gbàgà. Àjèjì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ fọ́fọ́. Obìnrin kan tó dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ ti ki imú bọ kọ́tìnnì. Bàbá àgbàlagbà kan ń rọra fọwọ́ pa ògiri, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i, inú wọn ń dùn, wọ́n rò pé ara ohun tí wọ́n sanwó wá wò ni òun náà.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, mà," obìnrin onífìlà dáhùn. "Afinimọ̀nà wa. Ó ní kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n wẹ̀yìn, wọn ò rí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde, tòun ti àpò tó kó owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn sí.

Àsìkò ọdún lọ́fínńdà ni. Ìlú àtijọ́ ni ìlú náà, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo títì rẹ̀, àtayébáyé ni wọ́n sì ti ń se òdòdó níbẹ̀ láti fi ṣe lọ́fínńdà. Lọ́dọọdún ni àlejò ń ya wọ̀lú láti wo ilé ìse-òdòdó, ilé tí wọ́n ti ń fẹ́ ìgò, àti gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ti ń fi imú díje. Ilé Ìyá Télọ̀ kò sí lára ibi tí wọ́n ń wò. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ oníbàárà àti ọkọ rẹ̀, akólẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Inspẹ́tọ̀ kan dé, ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí.

"Ilé ta nìyí?"

"Ilé wa ni."

"Ẹ mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Mi ò rí i sójú rí."

"Báwo ló ṣe wá ní kọ́kọ́rọ́ yín?"

"Ohun témi náà fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

"Àwọn aládùúgbò yín ní ó kó àlejò wá síbí lánàá. Ó kó wọn wá níjẹta. Ẹ ò gbúròó?"

"Àràárọ̀ ni mo máa ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Òní nìkan ni mo pẹ́ kí n tó jáde."

Akólẹ́tà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra búrẹ́dì dé, wúkọ́. Bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. "Èmi ni mo fún un," ó ní.

Inspẹ́tọ̀ yíjú sí i.

"Ó ní ìgbìmọ̀ ọdún ló rán òun. Wọ́n fẹ́ kọ ìtàn ilé yìí sára ògiri, kí wọ́n sì fi orúkọ ìyàwó mi sí i. Ó ní káwọn máa wá wọ̀n ọ́n nígbà tí kò bá sí nílé. Mo fẹ́ kó bá a lójijì ni, kínú rẹ̀ dùn."

"Àwọn èrò tó ń bá a wọlé ńkọ́?"

"Mo rò pé ìgbìmọ̀ ni gbogbo wọn. Mo tiẹ̀ kí wọn."

"Bàbá wọn," ìyàwó rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, "ẹ gbé balùwẹ̀ mi lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́."

Inspẹ́tọ̀ dìde. "Bàbá, ẹni tó fún gbájú-ẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, òun àti gbájú-ẹ̀ lòfin máa jọ mú. Ìrọ̀lẹ́ òní ni ọdún yìí parí. Tí mi ò bá rí ọkùnrin yẹn kí àwọn èrò tó tú ká, ẹ̀yin lẹ máa bá mi dé àgọ́."

Inú ń bí Ìyá Télọ̀ sí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìjọba. Ó wọṣọ. "Mo gbọ́ ohùn rẹ̀," ó ní. "Bàbá wọn mọ ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Obìnrin onífìlà tẹ̀ lé wọn. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ pé òun ní èrò mìíràn tóun fẹ́ pàdé nílé ìse-òdòdó.

Èéfín gbígbóná gba ibẹ̀ kan. Àwọn ìkòkò bàbà tó ga ju èèyàn lọ ń hó, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi ṣọ́bìrì da òdòdó sí wọn. Akólẹ́tà na ìka sí ọ̀kan nínú àwọn tó mú ṣọ́bìrì dání.

"Ó ti fá irun orí ètè rẹ̀, àmọ́ òun nìyẹn."

"Dúró níbẹ̀," ni Inspẹ́tọ̀ wí.

Ọkùnrin náà ṣí ìdérí ìkòkò kan. Èéfín rú bo gbogbo wọn, wọn ò rí ara wọn mọ́. Nígbà tí èéfín náà máa fi lọ, aṣọ iṣẹ́ tó gbé wọ̀ ti wà nílẹ̀, kò sí òun fúnra rẹ̀. Inspẹ́tọ̀ jáde, òdòdó lẹ̀ mọ́ ọn lórí, ó ń ta sánsán bí ìyàwó tuntun.

Wọ́n rí i tó yà sí ilé ìgò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ká a mọ́ ẹ̀yìn pẹpẹ kan tí ìgò kún orí rẹ̀ dé òkè àjà. Ojú rẹ̀ hàn nínú gbogbo ìgò náà, kò sí èyí tí èèyàn lè pè ní òun gan-an. Inspẹ́tọ̀ ò lè sáré, torí bó bá kọ lu pẹpẹ yẹn, owó oṣù rẹ̀ ò lè tó san owó ìgò tó máa fọ́. Ọkùnrin náà tẹríba fún wọn bí ẹni tó ń kí àlejò, ó sì gba ojú fèrèsé bẹ́ sí títì. Ó sá wọ gbọ̀ngàn ìlú.

Àwọn ọlọ́pàá dí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Wàyí o, ìdíje ń lọ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, gbogbo èrò tó jókòó ló fi aṣọ dúdú bojú, wọ́n ń gbóòórùn ìgò kí wọ́n lè sọ òdòdó tó wà níbẹ̀. Alága ìdíje kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹnì kan ò ní í ṣíjú kó tó parí.

Akólẹ́tà lọ láti ìlà dé ìlà, ó ń bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. Ó padà wá, orí rẹ̀ wálẹ̀. "Ojú ni mo mọ̀, wọ́n sì ti bojú."

"Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn báyìí, á bá èrò jáde," Inspẹ́tọ̀ ní. Ó wo Akólẹ́tà, ó sì fọwọ́ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀.

Ìyá Télọ̀ rí i. Ó gun orí pèpéle, ó sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága.

"Ẹ kú ìjókòó o. Bẹ́ ẹ ṣe ń gbóòórùn lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Màmá Olóòórùn fún yín. Ẹnì kan ń kó àlejò kiri ìlú, ó ń sọ ọ́ kò já gaara. Kò mọ ìtàn ọ̀hún rárá. Màmá yẹn ò po lọ́fínńdà rí láyé rẹ̀. Ẹja ló ń tà. Ilé ìdáná ló sì kú sí, ó ń họ ìpẹ́ ẹja."

"Irọ́ ni," ohùn kan wí láàárín èrò.

"Ẹja ló tà títí tó fi kú."

"Kò ta ẹja rí. Balùwẹ̀ ló kú sí, ó ń po lọ́fínńdà lọ́wọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Nínú gbogbo ayé," Ìyá Télọ̀ ní, "èmi tí mò ń wẹ̀ níbẹ̀ àtàwọn tẹ́ ẹ gbowó wọn nìkan la gbọ́ ọ rí."

"Ohùn rẹ̀ nìyẹn," obìnrin onífìlà ké láti ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ọwọ́ Inspẹ́tọ̀ ti wà léjìká rẹ̀. Aṣọ dúdú ṣì wà lójú rẹ̀ tí wọ́n fi kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ní àgọ́, kò jiyàn. Ó ní afinimọ̀nà gidi lòun nígbà kan, wọ́n lé òun torí òun máa ń fi kún ìtàn. Àtìgbà náà lòun ti ń lọ láti ìlú dé ìlú, òun ń wá ilé tóun á fi ìtàn òun sí.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé tiwọn?" Inspẹ́tọ̀ bi í.

"Mò ń kọjá lọ ni bàbá yìí kí mi. Ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Kò mọ̀ mí rí. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tó ń kí àjèjì báyìí, á fún un ní kọ́kọ́rọ́."



Owó ṣì wà nínú àpò, kálukú sì gba tirẹ̀. Inú àwọn àlejò dùn gan-an, àfi bàbá àgbàlagbà tó fọwọ́ pa ògiri, tó ń bi gbogbo èèyàn bóyá Màmá Olóòórùn wà rárá. Inspẹ́tọ̀ bọ Akólẹ́tà lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ sílé.

Wọ́n forí lé ọ̀nà ilé. "Ìyá wọn, má bínú," ọkọ ní. "Mi ò ní í kí ẹnikẹ́ni mọ́."

Ìyá Télọ̀ dúró. "Ta ló ní kẹ́ ẹ má kí èèyàn mọ́? Ẹ máa kí wọn. Tẹ́ ẹ bá kí wọn tán, kí wọ́n máa lọ."

Wọ́n dé iwájú ilé ìse-òdòdó, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Inú ìlú yìí ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, wọn ò sì wọ ibẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé," Ìyá Télọ̀ ní. "A sáré la ibẹ̀ kọjá, mi ò gbóòórùn nǹkan kan."

Wọ́n san owó ìwọlé bí àlejò. Akólẹ́tà sì kí obìnrin tó gbowó náà, ó bi í bóyá ó sùn dáadáa.